Ìbò àtòtẹ̀lé (RCV) ní ìpele ìpínlẹ̀: ibo la ti ń gbá a mú, kí ló sì ń dojú rẹ̀ bolẹ̀?

Àṣàkẹ́_MD

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa kan ní Montgomery County, ní ìpínlẹ̀ Maryland, fẹ́ kí wọ́n gba ìbò àtòtẹ̀lé wọlé, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní RCV. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: olùdìbò á to àwọn olùdíje láti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Bí kò bá sí ẹni tó kọjá ìlàjì, wọ́n á yọ ẹni tó gbẹ̀yìn, ìbò rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ ẹni tí àwọn tó dìbò fún un fi ṣe ìkejì, wọ́n á sì máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ẹnì kan á fi kọjá ìlàjì.

Maine àti Alaska ń lò ó fún ìdìbò ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní November 2024, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Colorado, Idaho, Nevada àti Oregon kọ̀ ọ́. Missouri tiẹ̀ kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ wọn pé kò gbọdọ̀ wọlé. Ọ̀nà wo la máa gbà ní tiwa? Kí ló gbé Maine gòkè, kí ló sì gbé àwọn yòókù ṣubú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ ní ká lọ la ará ìlú lọ́yẹ̀. Iye, òfin àti ọjọ́ ni mo ń bèèrè.

Akọ̀wé-Kékeré

Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má tíì tẹ ìwé ìbuwọ́lùwé kankan o. Maryland kò gba àbá aráàlú. Òfin tí ilé aṣòfin bá ṣe, aráàlú lè kó ìbuwọ́lùwé jọ kí wọ́n fi gbé e wá síwájú olùdìbò láti wọ́gi lé e, ṣùgbọ́n wọn kò lè fúnra wọn kọ òfin tuntun sórí ìwé ìdìbò. Àbá aráàlú kò sí ní Texas, kò sí ní Georgia, kò sí ní New York. Ẹ rí i pé àwọn ibi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ni mò ń kà yìí. Maine, Alaska, Oregon àti Colorado wà lára àwọn ìpínlẹ̀ bíi 24 tó fàyè gbà á, ìdí nìyẹn tí ìpolongo fi ń pọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Annapolis, níbi tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yín wà, lọ̀nà yín. Ìyàtọ̀ kan sì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ dì mú. Àwọn ìlú kéékèèké ní Maryland ló ń ṣètò ìdìbò tiwọn fúnra wọn, ìdí nìyẹn tí Takoma Park, tó wà nínú Montgomery County yín gan-an, fi ń lo RCV láti 2007. Ìdìbò county (ìjọba ìbílẹ̀) kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ ló wà, orí ìwé kan náà pẹ̀lú ti gómìnà ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, nítorí náà county kò lè dá a yí padà, àfi bí ilé aṣòfin bá fún un láyè. Àbá tó fẹ́ fún Montgomery láyè yìí ti wọ Annapolis ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ wo Virginia lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ní 2020 wọ́n ṣe òfin tó fún ìgbìmọ̀ county àti ìlú láyè láti yan RCV fún ìdìbò ìgbìmọ̀ tiwọn, bí wọ́n bá fẹ́. Òfin náà kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni, èyí ló jẹ́ kó rọrùn fún aṣòfin tí kò nífẹ̀ẹ́ sí i láti jẹ́ kó kọjá. Arlington, county kan níbẹ̀, lò ó nínú ìdìbò abẹ́lé Democrat ní June 2023. Ìjókòó méjì ni wọ́n ń dù lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ẹyọ kan, ìṣirò ìjókòó méjì sì le ju ti ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò yé. Nígbà tó di November ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ kò lò ó. 2024 ni wọ́n padà sí i. Bí ẹ bá ní àǹfààní láti yan ibi tí ẹ máa ti kọ́kọ́ dán an wò, ẹ yan ìdìbò oníjókòó kan.

Bàbá Oníṣirò

Ọ̀rọ̀ Maine kò lè yéni bí a kò bá mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ní 2010, Paul LePage di gómìnà pẹ̀lú ìdá 37.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Eliot Cutler, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ní 35.9. Libby Mitchell ti Democrat ní nǹkan bíi 19. Fún ọdún mẹ́jọ tí LePage fi wà lórí oyè, kò sí ẹni tó nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìdí tí ìbò fi lè pín kí ẹni tí ọ̀pọ̀ kò fẹ́ gba àárín wọn wọlé. Ìpolongo bá ìbínú nílẹ̀. Àbá tí wọ́n pè ní Question 5 wọlé ní November 2016: 388,273 gbà á, 356,621 kọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Maine sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá ní ìbò jù ló wọlé fún gómìnà àti fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀; kò bèèrè ìlàjì. Gbólóhùn ti gómìnà wọlé ní 1880, lẹ́yìn rògbòdìyàn ìdìbò 1879 tí àwọn ọkùnrin fi dira ogun ní Augusta, olú-ìlú wọn. Ní May 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Maine dámọ̀ràn pé RCV ta ko gbólóhùn náà. Èyí ló fà á tí RCV fi wà fún ìdìbò abẹ́lé àti fún ìdìbò sí Washington nìkan: ilé aṣòfin àpapọ̀ láti 2018, ààrẹ láti 2020. Ipò gómìnà tó bí ìjà náà gan-an, ìlànà àtijọ́ ni wọ́n fi dì í ní November 2018 àti 2022.

Òfin ìpìlẹ̀ Alaska náà sọ pé gómìnà ni ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ, àwọn tó pè é sì pàdánù ní 2022: ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní ìbò kò tíì di kíkà tán títí ìpele ìkẹyìn á fi parí, nítorí náà ẹni tó borí níbẹ̀ ló ní ìbò jù. Ọ̀rọ̀ tó jọra, ìdájọ́ méjì. Ẹ gbé òfin ìpìlẹ̀ Maryland fún agbẹjọ́rò kó kà á ní ipò-ipò, gómìnà lọ́tọ̀, ìgbìmọ̀ county lọ́tọ̀, kí ẹ tó pinnu ipò tí àbá yín máa kàn.

Àṣàkẹ́_MD

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo gbọ́ pé àwọn aṣòfin Maine tún gbìyànjú láti pa á lẹ́yìn tó ti wọlé?

Akọ̀wé-Kékeré

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní October 2017 wọ́n ṣe òfin tó sún RCV síwájú di December 2021, tó sì ní kó parẹ́ bí wọn kò bá tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe títí ìgbà yẹn. Àwọn onípolongo lo ẹ̀tọ́ tí Maine fún aráàlú láti wọ́gi lé òfin. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ni, ìbuwọ́lùwé 61,123 ni wọ́n nílò, inú òtútù nini ni, wọ́n sì kó ohun tó ju 80,000 lọ. Àǹfààní ńlá tó wà nínú ọ̀nà yìí ni pé bí ìbuwọ́lùwé bá ti pé lọ́wọ́ ìjọba, òfin tí wọ́n ń bá jà á dúró sójú kan títí ìbò á fi wáyé. Nítorí náà, ní June 12, 2018, àwọn ará Maine fi RCV dìbò abẹ́lé, lórí ìwé kan náà ni wọ́n sì ti dìbò pé kó má lọ. Nǹkan bí ìdá 54 ló gbà.

Ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé kọ́ ni iṣẹ́ parí. Ẹ fi owó ẹjọ́ àti owó ìdáàbòbò sínú ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì_PDX

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tó wà ní ìpínlẹ̀ tó gba àbá aráàlú sọ̀rọ̀ lórí ìbuwọ́lùwé, torí ibẹ̀ ni owó ti ń jò.

Iye tí òfin bèèrè kọ́ ni iye tí ẹ máa kó. Ẹ mú 61,123 ti Maine. Bí mẹ́ta nínú mẹ́rin bá dára, ẹ nílò 81,498. Bó bá jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára, 87,319 ni. Àwọn tó ń bàjẹ́: ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ẹni tó ti kó kúrò níbi tó ti forúkọ sílẹ̀, ẹni tó bu ọwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ ìkọ̀wé tí kò ṣeé kà. Ìyẹn ń já ẹyọ kọ̀ọ̀kan dànù. Èyí tó ń já odindi ìwé dànù ni àṣìṣe ẹni tó gbé ìwé náà kiri. Ní Maine, ó gbọ́dọ̀ búra níwájú nọ́tárì lẹ́yìn tí ìbuwọ́lùwé ìkẹyìn bá ti wọlé. Bí ọjọ́ ìbúra bá ṣáájú ọjọ́ tí ẹnì kan bu ọwọ́ lùwé, ìwé yẹn bàjẹ́. Ní 2016, àbá kan lórí igbó mímu ní Maine rí i tí ìjọba kọ ìbuwọ́lùwé tó ju 17,000 lọ nítorí pé ọwọ́ nọ́tárì kan kò bá èyí tó wà nínú ìwé ìjọba mu. Ilé ẹjọ́ ló dá a padà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́tárì kan ṣoṣo.

Ohun mìíràn ní Maine: akọ̀wé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ orúkọ àwọn ará ìlú tirẹ̀ wò kí ìwé tó dé Augusta. Bí ẹ bá kó ará Bangor àti ará Portland pọ̀ sójú ìwé kan, ìwé náà máa rìn láti ọ́fíìsì kan dé èkejì. Ìwé kan fún ìlú kan ni kí ẹ gbé dání, kí ẹ sì bi èèyàn ní ìlú rẹ̀ kó tó mú bírò.

Ìpínlẹ̀ mìíràn tún ń bèèrè ibi tí ìbuwọ́lùwé ti wá. Idaho fẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ní gbogbo ìpínlẹ̀, ó tún fẹ́ ìdá 6 ní ẹkùn 18 nínú 35. Massachusetts kò gbà kí ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ ti county kan ṣoṣo wá. Ìyẹn ni pé Boston nìkan kò lè gbé e dé ibì kankan. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti rán èèyàn sí ẹkùn tó jìnnà, nítorí àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún á fẹ́ dúró síbi tí èrò pọ̀ sí.

Tèmi-Yàtọ̀

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì fọwọ́ kan ohun tó ń pa á. Ẹ wo Alaska, August 16, 2022, nínú ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀. Mary Peltola ti Democrat 75,799. Sarah Palin 58,973, Nick Begich 53,810, Republican ni àwọn méjèèjì. Wọ́n yọ Begich. Nínú ìbò rẹ̀, 27,053 lọ fún Palin, 15,467 lọ fún Peltola, 11,290 kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Peltola fi 91,266 na 86,026.

Ó dáa. Ẹ wá mú ìwé ìbò yẹn kan náà, ẹ fi Begich kojú Peltola nìkan: Begich ló borí. Ẹ fi kojú Palin nìkan: òun náà ló borí. Ẹni tó lè na àwọn méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ lé jáde. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Burlington, Vermont, nínú ìdìbò olórí ìlú ní 2009, nígbà tó sì di March 2010 àwọn olùdìbò pa ìlànà náà rẹ́. Ẹ̀ ń sọ fún aráyé pé RCV máa ń mú ẹni tí ọ̀pọ̀ fẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Oníṣirò

Òótọ́ lẹ sọ, Tèmi-Yàtọ̀, ẹni tó bá sì ń ṣe ìpolongo tí kò mọ ìṣirò yẹn lórí, kò yẹ kó gba máíkì. Mo tiẹ̀ fẹ́ fi ọ̀kan kún un: àpapọ̀ ìbò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 188,582. 91,266 nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá 48.4. Ìlàjì tí Peltola kọjá, ìlàjì àwọn ìbò tó kù ní ìpele ìkẹyìn ni, kì í ṣe ìlàjì gbogbo ìbò. Bí ìwé ìpolongo yín bá sọ pé "ẹni tó wọlé gbọ́dọ̀ ní ju ìlàjì gbogbo olùdìbò lọ", irọ́ ni, àwọn alátakò á sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín.

Ohun tí ẹ lè sọ láìfòyà ni pé lábẹ́ ìlànà ẹni-tó-pọ̀-jù, Peltola yìí kan náà ni ì bá wọlé láàárín àwọn mẹ́ta náà pẹ̀lú 40.2, kò sì sẹ́ni tó máa bi àwọn yòókù léèrè ọ̀rọ̀ kankan. RCV dín ìpalára pípín ìbò kù, kò pa á tán. Burlington fúnra rẹ̀ dá a padà fún ìgbìmọ̀ ìlú ní 2021, lẹ́yìn náà fún olórí ìlú.

Ti ẹni tí kò ní ìbò ìkejì: ẹ gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n to ẹni tó bá wù wọ́n, kí wọ́n má sì fi àyè sílẹ̀ láàárín. Àmọ́ ẹ má fi dandan lé e. Ẹni tó bá yan ẹnì kan ṣoṣo, ìbò rẹ̀ dára.

Akọ̀wé-Kékeré

Ti November 2024. Èrò tèmi ni pé ohun tí wọ́n dì mọ́ RCV ló pa á ní ibi mẹ́ta. Colorado, Idaho àti Nevada kò gbé RCV nìkan wá. Wọ́n tún fẹ́ pa ìdìbò abẹ́lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ́, kí gbogbo olùdíje wà lórí ìwé kan, kí mẹ́rin (ní Nevada, márùn-ún) kọjá sí November, kí wọ́n tó wá fi RCV yan ẹnì kan. Ìdìbò abẹ́lé jẹ́ ohun ìní ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹgbẹ́ méjèèjì á dìde sí yín lẹ́ẹ̀kan náà. Owó rẹpẹtẹ wà lọ́wọ́ àwọn onípolongo lọ́dún yẹn, wọ́n ná ju àwọn alátakò lọ, kò gbà wọ́n. Idaho: nǹkan bí ìdá 70 ló kọ̀ ọ́. Nevada dun èèyàn jù, torí òfin wọn ní àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé ní ìdìbò méjì tẹ̀léra. Ó rí nǹkan bí 53 ní 2022, ó wá já sí 47 ní 2024. Bí ó ṣe tán nìyẹn.

Ẹ tún kíyè sí àkọlé. Ní Idaho, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ló ń kọ àkọlé tí olùdìbò máa rí. Èyí tó kọ́kọ́ kọ kò dára, àwọn onípolongo gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù, wọ́n sì ní kó tún un kọ ní August 2023. Oṣù tí wọ́n fi ń ṣẹjọ́, oṣù ìbuwọ́lùwé ni. Ní Colorado, àwọn aṣòfin ti ki gbólóhùn kan bọ òfin ìdìbò kí ìbò tó wáyé: bí àbá náà bá wọlé, kò ní bẹ̀rẹ̀ títí ìlú méjìlá á fi kọ́kọ́ lo RCV. Ẹ máa ka gbogbo òfin ìdìbò tó bá ń kọjá nílé aṣòfin, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ tí ìjókòó fẹ́ parí.

Ìyá Ìbejì_PDX

Akọ̀wé, mo gbọ́, ṣùgbọ́n Oregon kò bá ìtàn yín mu. Measure 117, àbá RCV tiwọn, kò pa ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ́, ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 58 ló kọ̀ ọ́. Alaska ní tirẹ̀ di ohun mẹ́ta pọ̀ ní 2020 (mẹ́rin-tó-kọjá, RCV, àti títú àṣírí owó ìpolongo), ó wọlé pẹ̀lú 3,781 ìbò, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ yọ ọ́ ní 2024, ìbò tí kò tó 800 ló gbà á là. Ju ìlàjì olùdìbò Alaska lọ kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, nítorí náà ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Ibi tí ẹ wà ni kí ẹ wò.

Ohun tó ba ti Oregon jẹ́: àwọn aṣòfin kọ RCV fún ààrẹ, ilé aṣòfin àpapọ̀, gómìnà, akọ̀wé ìpínlẹ̀ àti irú wọn, wọ́n sì yọ ìjókòó tiwọn kúrò. Alátakò kò nílò ọ̀rọ̀ mìíràn: "Bó bá dára, kí ló dé tí wọn kò fẹ́ ẹ fún ara wọn?" Kò sí èsì gidi sí i. Ó tún wá bọ́ sí ọjọ́ kan náà tí Portland kọ́kọ́ lo RCV, pẹ̀lú olùdíje 19 fún olórí ìlú. Ẹni tó ń wo orúkọ rẹpẹtẹ yẹn lórí ìwé kan, ìwé yẹn kan náà ló ti ń bi í pé ṣé kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé-Kékeré

Mo gbà fún yín lórí Oregon. Lórí àwọn mẹ́ta yòókù, mo dúró síbi tí mo wà.

Bàbá Oníṣirò

Ẹ jẹ́ ká dé ibi kíkà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ìfura wọlé lẹ́yìn tí ẹ bá ti borí.

Èsì tó pẹ́ ni àkọ́kọ́. Alaska ń dúró dé ìwé ìbò láti òkè òkun fún ọjọ́ 15, ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó ń yọ àwọn tó gbẹ̀yìn. August 31 ni wọ́n mọ̀ pé Peltola wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, àròsọ ló ń jọba. Maine ń kó káàdì ẹ̀rọ láti ìlú gbogbo lọ sí Augusta. Àwọn ìlú kéékèèké tó ń fi ọwọ́ ka ìbò, àpótí ìwé wọn ni wọ́n ń dì ránṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú àbá yín pé èsì ìpele-ìpele tí kò tíì dájú gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, kí wọ́n sì máa tún un gbé jáde bí ìbò bá ṣe ń wọlé.

Àmọ́ ẹni tó ń yára gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ní June 2021, àjọ elétò ìdìbò New York City gbé èsì ìpele-ìpele jáde, kò pẹ́ tí wọ́n tún fà á sẹ́yìn: nǹkan bí 135,000 ìwé ìdánrawò ni wọn kò pa rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó sì wọ inú ìbò gidi. RCV kọ́ ló fà á. RCV ni wọ́n dárúkọ.

Èyí tó le jù ni ti Alameda County, California, ní November 2022. Ẹnì kan wà tó fi àyè kìíní sílẹ̀ lófìfo, tó kun àyè kejì. Òfin wọn ní kí ẹni kejì yẹn di ẹni kìíní lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ṣètò ẹ̀rọ náà lódì, ó ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìpele àkọ́kọ́. Ìwọ̀nba ìwé díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Oakland ó yí ẹni tó yẹ kó jáde padà, wọ́n sì kéde ẹni tí kò wọlé. Ìparí December ni àṣìṣe náà tó hàn, nígbà tí àwọn tí kò sí nínú ìjọba mú àkọsílẹ̀ ìwé ìbò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì tún un kà. Ká ní wọn kò gbé àkọsílẹ̀ yẹn síta ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Àṣàkẹ́_MD

Bàbá, kí wá ni àbá wa gbọ́dọ̀ sọ nípa àyè tó ṣófo?

Bàbá Oníṣirò

Ẹ sọ ọ́ kedere, ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ní Maine àti Alaska, bí àyè kan ṣoṣo bá ṣófo, wọ́n á fò ó lọ sí èyí tó tẹ̀lé e. Bí méjì bá ṣófo tẹ̀léra, ìwé náà ti parí síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá kun orúkọ méjì sí ipò kan náà, ó parí ní ipò yẹn, ohun tó ṣáájú rẹ̀ ṣì dára. Ẹ tún kọ iye ẹni tí èèyàn lè tò (New York City fi mọ sí márùn-ún), ohun tí wọ́n máa ṣe bí àwọn méjì tó gbẹ̀yìn bá ní iye kan náà, àti pé àkọsílẹ̀ ìwé ìbò kọ̀ọ̀kan, láìsí orúkọ olùdìbò, gbọ́dọ̀ wà ní gbangba.

Tèmi-Yàtọ̀

Ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Wọ́n á ní ẹ̀rọ Maryland kò lè ṣe é.

Akọ̀wé-Kékeré

Ẹ̀rọ DS200 ti ilé-iṣẹ́ ES&S ni Maryland ń lò. DS200 náà ni Maine ń lò. Ẹ̀rọ náà ń ya àwòrán ìwé, ó sì ń kọ ohun tí olùdìbò kùn sílẹ̀. Yíyọ àwọn tó gbẹ̀yìn, kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ ló ń ṣe é lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ tó kù jẹ́ ti àgbékalẹ̀ ìwé ìdìbò, àyẹ̀wò àti owó. Ẹ kọ lẹ́tà sí àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ kí àbá tó wọlé, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin máa kọ ìwé ìṣirò owó lórí àbá kọ̀ọ̀kan, ẹnu àjọ yẹn ni wọ́n sì ti máa gbọ́ iye. Bí iye ńlá bá ti wọ ìwé yẹn, ó ṣòro láti yọ ọ́ lẹ́nu aṣòfin mọ́.

Ìyá Ìbejì_PDX

Bí ẹ bá ń polongo láti ilé dé ilé, ẹ má ṣàlàyé ìpele. Ìṣẹ́jú kan kì í pé tí ilẹ̀kùn fi ń tì. Ẹ ní: "Ẹ rán ọmọ lọ ra pańla. Bí kò bá sí, ẹ sọ fún un kó mú ṣàwá. Kó má padà wálé lọ́wọ́ òfo." Lẹ́yìn náà ẹ fún un ní ìwé ìdìbò àpẹẹrẹ kó kùn ún fúnra rẹ̀, orúkọ ní òsì, ipò 1, 2, 3, 4 lókè. Ẹni tó bá ti kùn ún rí kì í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Kí orúkọ má ju márùn-ún lọ, kó má sì sí orúkọ olóṣèlú gidi níbẹ̀.

Ọmọ_Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà, ṣé irú èyí kò lè ṣiṣẹ́ nílé? Ìdá 36.6 ni ààrẹ wa fi wọlé ní 2023.

Bàbá Oníṣirò

Ọmọ mi, àtẹ̀ka la fi ń dìbò nílé. Ìka kò lè kọ ìkíní àti ìkejì. Àti pé ní ibùdó ìdìbò gan-an la ti ń kà á tí a sì ń kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù EC8A níṣojú gbogbo èèyàn, ìyẹn ni agbára rẹ̀. Bí olùdíje bá jẹ́ mẹ́rin péré, ọ̀nà 64 ni èèyàn lè gbà tò wọ́n; fọ́ọ̀mù wo ló máa gbà á? Abala 134 òfin ilẹ̀ wa sì ti bèèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ààrẹ: ó kéré tán ìdá 25 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ẹ ṣí ìjíròrò mìíràn fún un, ẹ má jẹ́ kó gba ti Àṣàkẹ́.

Àṣàkẹ́_MD

Ẹ ṣeun gan-an. Ìgbà wo ló yẹ ká wá aṣojú tó máa gbé e?

Akọ̀wé-Kékeré

Ọjọ́rú kejì ní January ni ìjókòó Annapolis ń bẹ̀rẹ̀, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni. Àbá ìbílẹ̀ kì í dúró dìgbà yẹn: àwọn aṣojú Montgomery máa ń gbọ́ ọ láàárín ara wọn kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dìbò bóyá kó tẹ̀ síwájú. Ẹ wá aṣojú nígbà ooru. Kí ẹ mú àbá tí agbẹjọ́rò ti kọ dání, kí ó jẹ́ ìyọ̀ǹda fún county, kí ó má jẹ́ àṣẹ. Bí ẹ bá lè rí lẹ́tà ìgbìmọ̀ county pé àwọn fẹ́ ẹ, ẹ so ó mọ́ ọn, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí aṣojú máa bi yín nìyẹn.